Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ 32,000 náírà n'Íjẹ̀bú-Òde: ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Bàbá tó máa ń bá wa tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò ló kọ́kọ́ rí i. Mo ní kó bá mi fa ṣéènì ni o, kẹ̀kẹ́ tí mi ò tíì rà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó fi àkísà nu abẹ́ ibi tí irin pẹ́dà ti la férémù kọjá, ló bá dákẹ́. Ó ní, "Anti, ẹ wá fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án. Gbogbo ara férémù ń dán, àmọ́ ibẹ̀ yẹn rí háráhárá lábẹ́ ọ̀dà. Wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sí i, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ọ̀dà ọ̀hún ò tiẹ̀ tíì gbẹ tán, ó lẹ̀ mọ́ mi léèékánná.

Bàbá ní, "Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀." Ó sì gba 500 náírà ṣéènì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ ni mí. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọ̀kadà ti ń jẹ èrè mi, pàápàá tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé tí gbogbo rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ń pariwo aṣọ Ojúde Ọba lé mi lórí. Ibi méjì tí mo ti kọ́kọ́ ná kẹ̀kẹ́, 90,000 ni wọ́n pè é. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wá rà á yìí pè é ní 35,000. Mo ní kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú báyìí, ó ní, "Ọlọ́run ló ní kí n ṣe é fún yín, Mọ́mì." Ó yẹ kí n ti sá níbi tó ti dárúkọ Ọlọ́run mọ́ iye owó. Àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo tún ná an wálẹ̀ sí 32,000.

Mo gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo bá ọ̀gá tó ń jẹ, kò dá ṣíbí dúró.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ gba ìkejì ni?"

"Nọ́ńbà abẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí dà?"

"Nọ́ńbà bíi ti bo? Mọ́tò ló ń ní nọ́ńbà."

Mo dojú kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ délẹ̀, mo fi nọ́ńbà tìyẹn hàn án, ó hàn gbangba. Ó wò ó títí, ó ní iye tí wọ́n tà á lọ́jà Òyìnbó nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Mo ní kó dá owó mi padà, ó fi ṣíbí nàka sí pátákó tó gbé kọ́ ara ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mi ò bá a pariwo. Mo fa táyà àlòkù kan, mo jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹni tó bá wá ná kẹ̀kẹ́, mo máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀ ná." Ẹnì kìíní lọ. Nígbà tí ẹnì kejì náà lọ, ọ̀gá fọwọ́, ó ní kí ọmọṣẹ́ mú mi lọ sẹ́yìn kí n lọ mú òmíràn.

Ọmọ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni kẹ̀kẹ́ tó bá kọ̀ńténà wá láti Hólándì wà, bí ogójì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ti fi ayùn rẹ́ àgádágodo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ò rí i, olè náà ni gbogbo èyí. Ó ní rárá, Anti, lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin tí kò padà wá, ìjọba ìlú á gé àgádágodo, wọ́n á kó o lọ síbì kan, tí olówó ẹ̀ ò bá yọjú wọ́n á tà á. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ayùn olè àti ayùn ìjọba, ojú kan náà ni wọ́n ń dá sára irin. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. RDW, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn, ní àkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí, èèyàn sì lè fi nọ́ńbà wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó bá mi wá Gazelle kan, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní Hólándì, tí nọ́ńbà rẹ̀ pé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀. (Àgádágodo ẹ̀yìn yẹn, tó bá wà ní ṣíṣí, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kì í yọ, àfi tẹ́ ẹ bá tì í.) A jọ tẹ nọ́ńbà sórí fóònù mi, kò sẹ́ni tó fi í sùn. Mo fi 8,000 kún owó mi.

Kẹ̀kẹ́ náà? Ó dùn gùn! Kò ní irin gbọọrọ láàárín, nítorí náà mò ń fi ìró gùn ún wọ̀ọ̀, ìdérí sì bo ṣéènì látòkè délẹ̀, kò lè fa aṣọ. Ẹsẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀: tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, ó dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣeré sẹ́yìn bí a ṣe máa ń ṣe lọ́mọdé, ó dúró gbọn-ín, èmi àti aṣọ àńkárá mẹ́fà bá ara wa nílẹ̀ níwájú ẹlẹ́ran.

Táyà ló tún bí mi nínú. Fọkanáísà ta táyà tí wọ́n kọ 28 sí fún mi, torí 28 náà ló wà lára tèmi. Irọ́ ni 28. Ti Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn, mìlímítà 635 ni ìwọ̀n ríìmù rẹ̀. Ti Hólándì yìí, 622. Táyà tó tà mí fi mìlímítà 13 tóbi ju ríìmù mi lọ, kò dé òpópónà kejì tó fi yọ. Ẹ wo 37-622 lára táyà (37 ni fífẹ̀ táyà, 622 ni ríìmù), ẹ má wo 28. Ọ̀gá ní kò kàn án. Ọmọṣẹ́ ló tú òkìtì táyà títí ìrọ̀lẹ́ tó fi bá mi rí ọ̀kan, ó gba 3,000, ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó gùn ún yíká ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí n gbé e.

Ní báyìí, "Mọ́mì Nọ́ńbà" ni ọ̀gá ń pè mí. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mi ò rí i mọ́. Mo bi ọmọṣẹ́ léèrè, kò wò mí lójú. Ó ní wọ́n ti tà á, 38,000.

Máàkì tí mo fún ṣọ́ọ̀bù náà: 4 nínú 5. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ọmọ yẹn ni.