HMV 102, giramafóònù tí mo rà ní Súrùlérè: abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni ẹjọ́ mi

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ìyá àgbà mi ti bàjẹ́. Ojú rẹ̀ kan ló bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí nìyẹn.

Ọ̀kan ni nínú orin tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ kọ fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Kò tíì sí máíkì níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ nígbà náà. Ẹnu ìwo ni bàbá náà kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fín ojú àwo. Abẹ́òkúta ni ìyá àgbà ti tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wá giramafóònù.

Ẹni tó bá ń kó giramafóònù jọ mọ HMV 102, n kò ní rojọ́ rẹ̀. Èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́ tónítóní, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ṣí agolo abẹ́rẹ́ tó wà ní igun rẹ̀. Ó ní, "Dádì, tuntun ló kún ibẹ̀ o, ẹ̀bùn wa ni." Mo súre fún un.

Abẹ́rẹ́ irin kan, ojú àwo kan: bó bá ti kọ ọ́ tán, à á jù ú nù. Wọ́n ti da èyí tí wọ́n ti lò mọ́ tuntun! Ohùn bàbá jáde, mo ti ń gbè é, àfi bí mo ṣe rí eruku bí eérú tó ń tọ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Kí n tó gbé e kúrò, ó ti họ ojú àwo. Mo da agolo sílẹ̀, mo fi awò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 23, ẹnu 14 ti kújú.

Mo pè wọ́n. "Dádì, àwo yín ló ti gbó." Mo tún pè: ọ̀gá ò sí nílé. Nígbà kẹta, wọn ò gbé e mọ́. Inú mi ru débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé ẹ̀rọ àti àwo lọ bá wọn.

Bàbá kan ló jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, aago ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó gba àwo, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i wò, ó sì ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, àbúrò mi. Ọwọ́ wa ló ti wá." Ó tú orí tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀, ó fi rọ́bà inú rẹ̀ hàn mí: ó ti gan bí igi. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tú sípíríìnì, ó fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì àtijọ́ tó ti dì, ó fi tuntun sí i. Wákàtí mẹ́ta gbáko, kò gba kọ́bọ̀.

Ó wá ní kí a gbọ́ ojú kejì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló mú abẹ́rẹ́ tuntun látinú páálí tí wọn ò tíì já. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ dákẹ́ títí orin fi parí. Mo ti ra giramafóònù mẹ́fà, kò sí èyí tó dún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì lè dá a lóhùn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Tí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ mú abẹ́rẹ́ tiyín dání.