Ìkìlọ̀ fún ará Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹ ṣọ́ra fún ìrìn àjò síkì "físà dájú"

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí ìpolówó kan tó ń kiri orí WhatsApp láti Lágere títí dé Iléṣà, bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́ yìí: "Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, ọjọ́ méje ní Zermatt, Switzerland, ẹ wá ṣe síkì lórí yìnyín, físà dájú, ẹ san ìdajì." Gbájúẹ̀ ni. (Síkì ni pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín.)

Kò sí ẹ́jẹ́ǹtì tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí físà Schengen, ìyẹn físà tí wọ́n fi ń wọ Switzerland àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Owó físà jẹ́ 90 euro fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ọmọ tí kò tíì pé 6 kì í san án rárá. Tí wọ́n bá bu 90 lé ọmọ ọdún 4 lórí, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 12 ló máa fúnra rẹ̀ lọ tẹ̀ka níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà. Ìka tí wọ́n bá fi íǹkì tẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kò wúlò fún nǹkan kan.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń mú èèyàn jù. Wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ní orúkọ yín àti àmì mẹ́fà, lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ yín á jáde lóòótọ́, ọkàn yín á sì balẹ̀. Àṣé wọ́n kàn di àyè mú ni, wọn ò san kọ́bọ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa pa rẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀: 071 ni Ethiopian, 220 ni Lufthansa, 235 ni Turkish. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí i, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, torí wọ́n lè sanwó láàárọ̀ kí wọ́n fagi lé e lálẹ́.

Wọ́n tún ní bọ́ọ̀sì máa gbé yín láti pápákọ̀ òfuurufú dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó kọ ìyẹn ò mọ Zermatt rárá! Mọ́tò elépo kì í wọ ìlú náà. Täsch, ìlú kékeré tó wà nítòsí, ni wọ́n máa ń páàkì sí, wọ́n á wá wọ reluwé. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wá ìkànnì rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀ àti bóyá wọ́n ti sanwó.

"Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú owó" náà, ẹ tú u wò. Káàdì ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn gòkè, bàtà àti síkì tí ẹ máa háyà, akoto, olùkọ́ fún àwọn ọmọ: ẹ bèèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ tó 30,000 euro, kí ẹ sì kà á bóyá ó gba eré orí yìnyín, torí ọ̀pọ̀ ni kì í gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹsẹ̀ tó bá kán níbẹ̀, àpò yín ló máa tọ́jú ẹ̀.

Ẹ má fi páásìpọ́ọ̀tù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á fi dá yín dúró kí ẹ lè fowó kún un. Ẹ yẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wò lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó, tí orúkọ tó jáde lórí áàpù báǹkì bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ pe báǹkì yín lónìí kí owó náà tó kúrò ní àkáǹtì wọn, kí ẹ sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí EFCC ní Ìbàdàn. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ, kí wọ́n tó pa á rẹ́.