Ìkòkò bàbà àtijọ́ ilẹ̀ Faransé: inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò o

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi ìkòkò bàbà yìí se ọbẹ̀. Nílùú Lille ni mo ti rà á, nígbà tí wọ́n ń pàtẹ ohun àlòkù síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, yúrò 140 ni mo san, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ rárá. Ara ẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, etí ẹ̀ méjèèjì irin dúdú ni, téèyàn bá gbé e tòun ti ọmọrí, á mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Tó o bá yí ìdí ẹ̀ sókè, wàá rí ìlà kan tó pọ́n bí idẹ, tó ń lọ bí eyín ayùn, ibi tí wọ́n ti jó bàbà pọ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láwọn ọdún 1800.

Iná ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Bàbà máa ń tètè gba ooru, ó sì ń pín in kárí, torí náà tí mo bá ń se bœuf bourguignon, ẹran màlúù inú wáìnì pupa yẹn, màá dín iná gáàsì kù pátápátá fún wákàtí 3, á kàn máa hó pọ́kọ́, pọ́kọ́, ìdí ọbẹ̀ ò ní jóná, ẹran á wá rọ̀ débi pé ṣíbí lásán ló máa gé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí dídán ara ẹ̀ tàn yín o. Tánńganran (tin) ni wọ́n fi ń bo inú ẹ̀, torí wáìnì àti tòmátì máa ń jẹ bàbà, bàbà á sì wọnú ọbẹ̀, ìyẹn ò dáa fún ara. Tí pupa bá ti ń yọ nínú, owó míì ti dé nìyẹn. Ẹni tó ta tèmi ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bo inú ẹ̀ ni, mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ti ṣí níbi mẹ́ta! Ó dùn mí gan. Mo gbé e lọ sí Villedieu-les-Poêles ní Normandie, iṣẹ́ bàbà ni wọ́n fi mọ ìlú yẹn látayé ọjọ́un (“poêles” tó wà nínú orúkọ ẹ̀ gan-an, páànù ìdín-nǹkan ló túmọ̀ sí), wọ́n sì tún un bò fún mi, ó mọ́ kedere. Látìgbà náà mi ò gbé e kaná lófìfo, torí 232 digírì péré ni tánńganran ti ń yọ́, ṣíbí onígi ni mo fi ń rò ó, kànrìnkàn onírin ò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Sítóòfù induction, èyí tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì mú ìkòkò gbóná, ò lè mú un gbóná ṣá. Mo ti ń wá kékeré ẹ̀ báyìí, èyí tó máa gba lítà 2.