Rọ́bà Atẹ́gùn Air Lift 1000 Lábẹ́ Sienna Akẹ́rù

Ọkọ̀ Toyota Sienna tí a fi ń kó aṣọ láti Balógun lọ sí Ìkẹjà ti ń jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn, débi pé iná iwájú rẹ̀ ń tàn sí ojú àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀. Air Lift 1000 ni a rà fún un, ìyẹn rọ́bà méjì tí a ń tì bọ inú sípíríǹgì ẹ̀yìn, tí a sì ń fẹ́ bíi táyà. Mẹkáníìkì kan ní Ládípọ̀ ló bá wa fi í sí i láìjó irin kankan pọ̀, ó sì ṣọ́ra kí okùn atẹ́gùn rẹ̀ má ṣe kan sáléńsà, nítorí ooru yóò yọ́ ọ.

Pẹ̀lú ẹrù, ìdí ọkọ̀ náà ti dúró dọ́gba, kò sì ha bọ́ǹpù mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé láti dín atẹ́gùn kù nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, gbogbo oríkèé afárá Third Mainland ni èrò ẹ̀yìn yóò máa kà. Atẹ́gùn kò gbọdọ̀ dín sí psi 5 (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó), kò sì gbọdọ̀ kọjá 35. Àyè inú rọ́bà yìí kéré sí ti táyà gan-an, ó sì tètè ń kún, nítorí náà ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún fọkanáísà tí ń kánjú, ẹ mú géèjì tiyín lọ.

Rọ́bà yìí kì í fi kún ẹrù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní kí ó gbé, bó ti wù kí àwọn ọlọ́jà pọ́n ọn tó. Sípíríǹgì tó ti ṣẹ́ pàápàá, pípààrọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra èyí.