Ilé àlejò kan ní Àjàṣẹ́: mẹ́rin nínú márùn-ún

Tó bá jẹ́ pé AC àti omi gbígbóná lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ ka èyí. Àjàṣẹ́ ni ilé àlejò tí mò ń sọ wà, ìyẹn Porto-Novo, olú-ìlú Benin. Yàrá mẹ́fà, balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń lò, sẹ́fà 6,000 fún alẹ́ kan. Mo sun alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé náà nítorí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Aránṣọ ni mí ní Lágere, nílé-Ifẹ̀ níbí. Aṣọ ni mo lọ wò, owó ọwọ́ mi ò sì tó hòtẹ́ẹ̀lì gidi. Láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, dé Sàngó Ọ̀tà, dé Ìdí-Ìrókò, ọkọ̀ akérò ni mò ń wọ̀. Ọmọ ECOWAS ò nílò físà fún 90 ọjọ́, páálí ìrìnnà mi ni mo fi hàn. Ní Ìgólò, lódìkejì ibodè, mo wọ táksí tó kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Kí n má purọ́, tí wọ́n bá ti dárúkọ ará Benin fún mi, ọmọ ọ̀dọ̀ àti bíríkìlà ló ń wá sí mi lọ́kàn, àti ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan àfi Faransé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́wàá sínú ìwé. Mo di tọ́ọ̀ṣì, páwábáǹkì méjì àti fáànù kékeré oníbátìrì sínú báàgì.

Mo wọlé, mo ní, "Bonjour, madame." Ìyá onílé ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ Nàgó ni?"

Èmi, ọmọ Ifẹ̀! Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé Faransé mi, mo tì í bọ àpò.

Mo wá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń mú iná wá. Ó wo ààrò, ó wò mí. Mo nawọ́ sí gílóòbù. "Háà, ìyẹn? Iná tí ò lọ, báwo ni wọ́n ṣe máa mú un wá?" Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹ́jú. Ohun tó dùn mí jù ni pé Nàìjíríà wa yìí náà wà lára àwọn tó ń ta iná fún Benin.

Ìyá ọ̀hún náà ní èrò tirẹ̀ nípa wa. Ó gba owó alẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ará Togo tó wà ní yàrá kìíní ń san tirẹ̀ láràárọ̀. Mo bèèrè ìdí. Ó ní kí n má bínú, àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń pariwo, wọ́n sì máa ń jí lọ lóru. Mo bínú o.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ò ní ìkọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń kọ tí mo bá wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé, ará Togo ń súfèé tirẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe yọ máàkì kan.

Oúnjẹ ìyá onílé ni ẹ má jẹ́ kó fò yín. Àkàsà inú ewé ni, ó jọ ẹ̀kọ wa, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ díẹ̀, ó sì kan sí i. Ó ń fi ata tútù àti àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ sórí ẹja díndín. Ibi tí a ti ń jẹun lójúde ló ti sọ pé ọmọ Kétu ilẹ̀ Benin lòun. Bí mo ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá, ó fi ṣíbí sílẹ̀. Ifẹ̀ ni wọ́n ní baba ńlá Alákétu ti ṣí wá. Ó ní kí n sọ bí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ṣe rí fún òun, ṣé lóòótọ́ ni ìṣó wà lára rẹ̀? Ojú tì mí. Láti kékeré ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, mi ò wọlé rí. Mo ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni, ìṣó wà. Ẹja alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n san án nígbà tí mo bá ń lọ.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gun zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà wọn, lọ wo mọ́ṣáláṣí àgbà àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́. Tí wọn ò bá sọ fún yín, ẹ máa pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ mú ọṣẹ àti táwẹ̀lì lọ. Ẹ fi fáànù sílé. Yàrá kẹta ni kí ẹ bèèrè, nítorí fèrèsé yàrá kejì ni àkùkọ wọn ń sùn sí, kì í dúró de aago márùn-ún.