Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta owó fàdákà Róòmù tí wọ́n kọ DIVO sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan ń ta owó fàdákà àwọn Késárì tí wọ́n sọ di òrìṣà lẹ́yìn ikú wọn, èyí tí wọ́n kọ DIVO sí, ìyẹn “fún ẹni tó di òrìṣà” ní èdè Látìnì. Ayédèrú ló ń tà. Mo ti kó sí i lọ́wọ́.

Késárì Trajan Decius ló ṣe ojúlówó owó wọ̀nyí láàárín ọdún 249 sí 251, láti fi rántí Késárì mọ́kànlá, láti orí Augustus títí dé orí Severus Alexander. Orí Késárì wà lójú kan. Ẹyẹ idì tàbí pẹpẹ wà lójú kejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ CONSECRATIO, ìyẹn ìsọdòrìṣà. Àwa tí wọ́n ti pìtàn Ṣàngó fún láti kékeré, ọba Ọ̀yọ́ tó di òrìṣà, a mọ ohun tó ń fa ọkàn ẹni sí irú owó báyìí.

Mo ra ti Trajan, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, kì í ṣe Decius, lọ́wọ́ ẹni náà ní £140 níbí ní London. Inú mi dùn débi pé mo tún bá ẹ̀gbọ́n mi ra irú rẹ̀ kan. Ọjọ́ tí mo kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ ni àyà mi já. Ibi kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ idì, ni etí àwọn méjèèjì ti là. A àkọ́kọ́ nínú TRAIANO kò ní ẹsẹ̀ òsì, lára èyí, lára tọ̀hún.

Òòlù ni wọ́n fi ń lu owó yìí láyé ọjọ́un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán méjì lè jọra, ṣùgbọ́n etí wọn kò lè là bákan náà láéláé. Àfi tí ẹnìkan bá fi owó kan ṣe mọ́ọ̀dù, tó wá ń da irin yíyọ́ sí i: gbogbo ọmọ tó bá bí ló máa gbé àpá ìyá wọn. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ojú wọn, wọ́n sì ti fi fáìlì ha etí wọn yí ká.

Ìwé ẹ̀rí tó fi ránṣẹ́ ní òǹtẹ̀, kò ní orúkọ, kò ní ìbuwọ́lù. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dínà mọ́ mi. Owó tí mo san sì ti lọ, torí ó ní kí n fi í ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lówó, ọ̀nà tí kò sí ààbò fún olùrà rárá. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ó tún gbé ti Domitian jáde, DIVO gàdàgbà lára rẹ̀, ó ní ó ṣọ̀wọ́n. Domitian kẹ̀! Wọn kò sọ ọ́ di òrìṣà rí. Nígbà tí wọ́n pa á lọ́dún 96, ńṣe ni àwọn sẹ́nétọ̀ Róòmù ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ lọ wo OCRE lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ owó àwọn Késárì Róòmù, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi ohun tí wọ́n ń tà fún yín wé èyí tó wà níbẹ̀.

Orúkọ tó ń lò ń yí padà, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ló máa ń tẹ́ owó lé láti yà á: aṣọ aláwọ̀ ewé, tí iná ti jó ní igun kan.