Figaro 1991 tí wọ́n ní kò dípẹtà rí: ohun tí ojú mi rí kí n tó rà á

Omi ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Mo wọkọ̀ ojú irin láti Peckham lọ sí Kent ní àárọ̀ Sátidé nítorí ọkọ̀ Nissan Figaro aláwọ̀ ewé kan. Ọmọkùnrin tó ń tà á ti sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màdáàmù, bíi tuntun ló ṣe rí, kò dípẹtà rí."

Mo débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ káápẹ́ẹ̀tì níwájú àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Omi ni mo bá níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rinrin o, omi! Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá.

Mo na ọwọ́ mi sí ọmọkùnrin náà. Ó ní bóyá ẹnì kan da tíì síbẹ̀ ni. Mo ní, "Ṣé báàfù lẹni yẹn fi ń mu tíì?" Kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣí àkọsílẹ̀ MOT ọkọ̀ náà, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣe fún ọkọ̀, lórí fóònù mi; nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lèèyàn nílò láti rí i lórí ìkànnì ìjọba. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé abẹ́ ilẹ̀kùn òsì ti ń dípẹtà. Ó ní òun ń lọ pe máníjà. Odidi ogún ìṣẹ́jú! Ẹ jókòó, wọn ò sọ. Ẹ mumi, wọn ò sọ.

Kí n má parọ́, ogún ìṣẹ́jú yẹn ló ṣe mí lọ́ṣẹ́. Èmi àti ọkọ̀ náà nìkan la jọ dúró. Àga rẹ̀ funfun bíi wàrà, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Mo tú ìdè òrùlé rẹ̀ tó ṣeé ká, mo fọwọ́ ara mi ká a sẹ́yìn. Inú mi rọ̀.

Mẹkáníìkì wọn, bàbá àgbàlagbà kan, ló jáde wá dípò máníjà. Kò bá mi jiyàn. Ó mú wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́, ó tì í bọ ihò kan lẹ́yìn níbi tí òrùlé ń ká sí, ó ń rọra yí i. Ewé dúdú jíjẹrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó bu omi sí i, omi náà sì ṣàn gba abẹ́ ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Ibi tí omi òjò ń gbà jáde nìyí. Bó bá ti dí, inú ọkọ̀ ni yóò gbà." Ó fi ìdí sukurudírẹ́fà kan abẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ojú ibi tó ti ń jẹ hàn mí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ ní kí wọ́n yọ owó kúrò."

Mo ná an bí ẹni wà ní Òyìngbò. Wọ́n yọ 700 pọ́n-ùn.

Rédíò rẹ̀ ńkọ́? FM ti Japan ni, láti 76 dé 90. Ti ibí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 88 dé 108, nítorí náà, àyàfi díẹ̀ láàárín 88 sí 90, ariwo ló ń pa fún mi títí mo fi délé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Japan nìkan ni wọ́n ti ta gbogbo 20,000 Figaro ní tuntun, kèké ni wọ́n sì ṣẹ́ láti yan àwọn tó rà á. Tòkunbọ̀ ni, àní nílùú òyìnbó! Jíà rẹ̀ mẹ́ta péré, ó sì ń ké lójú títì ńlá bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Òjò rọ̀ lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jáde lọ fọwọ́ kan abẹ́ káápẹ́ẹ̀tì. Ó gbẹ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.